Oúnjẹ Ojú Àlá Kò Pa Mí

Ẹ̀yin tí ẹ ń húkọ́ sínú ìnujú, tí ẹ sì ń yára ká a mọ́wọ́ kí ìyàwó yín má baà rí ohun tó wà níbẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó kù lè máa gbọ́ ọ bí àlọ́. Èmi náà ti ká ìnujú mọ́wọ́ rí. Mo mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rí lára aṣọ funfun, mo sì mọ bí èèyàn ṣe ń purọ́ fún ara rẹ̀ pé obì tí òun jẹ lánàá ni.

Èmi ni mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn èrò tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ lọ sí Èkó rí yóò ti jẹ nínú iyọ̀ ẹnu mi. Bí ìyá ẹlẹ́ja kan bá ru apẹ̀rẹ̀ tó ga jù ú lọ dé, màá ní, "Ìyá, èwo nínú ẹ̀yin méjèèjì ló ń lọ Èkó?" Wọn á bú mi, èmi á máa rẹ́rìn-ín. Inú ẹ̀rín ni ikọ́ náà ti mú mi. Ẹnì kan ní eruku yanrìn tí wọ́n ń já ní èbúté ni. Ẹnì kan ní òtútù orí omi ni. Òmíràn ní èébú tí mo ti bú èèyàn ló ń padà gba ọ̀nà ọ̀fun mi bọ̀. Nínú gbogbo àwọn oníṣègùn òfìfo wọ̀nyẹn, ẹni ìkẹyìn yìí nìkan ni mo gbádùn.

Ikọ́ kò lọ. Òógùn ń bò mí lóru títí ẹní mi fi ń tutù. Ṣòkòtò tó ń fún mi tẹ́lẹ̀ wá di èyí tí mo ń fi okùn dè. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fi arákùnrin kan ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí fìlà rẹ̀, ikọ́ gbé mi, ẹ̀jẹ̀ sì ta sórí tíkẹ́ẹ̀tì tí mo fẹ́ fún un. Ó wo tíkẹ́ẹ̀tì. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní òmíràn." Kò béèrè pé kí ló ṣe mí. Láti ọjọ́ náà ni àwọn èrò ti ń fi ìka méjì gba tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ mi, bí ẹni tó ń di eku tó ti rà mú nírù.

Ìyàwó mi, Ìyá Ṣìdí, ló gbé mi lọ sí ọsibítù ní Èkó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìlà ibẹ̀, kí ó má baà yà yín lẹ́nu. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni a ti jókòó sórí bẹ́ńṣì, a sì ń fi ìdí wọ́ lọ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nọ́ọ̀sì kan tó sanra, tí ohùn rẹ̀ dà bíi ti fèrè ọkọ̀ ojú omi, á yọjú, á ní, "Gbogbo ẹ̀yin oníkọ́, ẹ kọjú sógiri!" Gbogbo wa á yíjú sógiri bí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó pẹ́ dé. Wọ́n ya fọ́tò àyà mi. Dókítà fi í síbi iná, ó fi pẹ́ńsù tọ́ka sí òkè rẹ̀, ó sì sọ fún mi pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ó ní ó ní oògùn. Ó ní kí n máa gba abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́ ní dìsípẹ́ńsárì ìlú wa fún ọ̀pọ̀ oṣù, kí n máa lo hóró oògùn mọ́ ọn, kí n má sì dá a dúró nítorí pé ara ń yá. Kí n ní ife tèmi, kí n máa tutọ́ sínú agolo tó ní ìdérí, kí n ṣí fèrèsé bí mo bá fẹ́ sùn. Ó wá fi ìka gún mi nígbáàyà, ó ní, "Kí o sì máa jẹun dáadáa. Ẹyin, ẹja, ẹ̀wà. Àìsàn yìí ń jẹ èèyàn ni, nítorí náà ìwọ náà máa jẹun."

Mo bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn ro mí lára, mi ò ní purọ́ fún yín. Owó ẹyin àti ti ẹja ń gbọ́n àpò wa gbẹ, ìyàwó mi sì ta aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ láìsọ fún mi. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ibi tí ọ̀ràn dé nìyẹn tí Ìyá Ẹ̀pẹ́ fi dé.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni Ìyá Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀pẹ́ ló ń gbé, ẹja yíyan ló ń tà, kò sì sí ohun tí kò mọ̀ láyé àti lọ́run. Ó wọlé, ó jókòó, kò béèrè ohun tí dókítà wí. Ó ní, "Sùlé, kí lo rí lójú àlá?"

Ẹnu mi yìí náà ni! Ǹ bá ní mi ò rí nǹkan kan. Mo ní, "Mo jẹ ìkọ́kọrẹ́, Ìyá, wọ́n sì fi ẹja bò ó lórí."

"O jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́."

"O gbé e mì?"

"Ṣé kí n tọ́jú rẹ̀ sẹ́nu dè yín ni?"

"Yéè! Wọ́n ti fún Sùlé jẹ o! Ẹ gbà mí, wọ́n ti fún ọmọ àbúrò mi jẹ!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ẹni tó bá jẹun lójú àlá, májèlé ló gbé mì, inú rẹ̀ ni yóò ti máa jẹ ẹ́ bọ̀ wá síta. Èyí tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé wọ́n ní ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́. "Ẹ má gún un mọ́ o," ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ ń wí fún gbogbo ẹbí tó kó jọ sí pálọ̀ mi. "Àìsàn tó bá gba ojú àlá wọlé, abẹ́rẹ́ ló ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn nínú." Àwọn àgbà ẹbí ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn tí ò tíì rí inú ọsibítù rí ló ń fún mi ní ìròyìn abẹ́rẹ́. Ìyàwó mi sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kó lọ wo ọbẹ̀ lórí iná. Kò sí ọbẹ̀ kankan lórí iná.

Mo bá wọn lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ẹni tó ń rí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ láràárọ̀, tí èèyàn rẹpẹtẹ sì ń sọ fún un pé oògùn tó ń lò ló ń pa á, kò ní agbára àtijiyàn púpọ̀.

Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onítumọ̀ ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ mú mi lọ. Alágbàtà ẹja ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ja mọ̀ pé irọ́ rẹ̀ pọ̀ ju ẹja lọ, ó gbé irọ́ náà lọ síbi tí wọn ò ti ní wọ̀n ọ́n: ó bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ àlá. Mi ò mọ ìsìn tó ń ṣe dòní. Ó ní tẹ̀sùbáà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ní abẹ́là níwájú, bí nǹkan kan bá sì já lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń pè. Ọ̀tá kan ṣoṣo ló mọ̀ láyé, gbogbo àlá ló sì ti ń rí i. Mo lá pé mo sọdá omi: ọ̀tá fẹ́ rì mí. Mo lá pé mo fò: ọ̀tá ló gbé mi. Mi ò lá nǹkan kan: ọ̀tá fara pamọ́. Mo ní mo lá pé mo ń já tíkẹ́ẹ̀tì, ó pa ojú dé, ó kérora, ó ní, "Ẹ̀mí rẹ ni wọ́n ń já díẹ̀díẹ̀."

Ohun méjì ló pa láṣẹ. Èkíní, kí abẹ́rẹ́ dúró, kí n sì má jẹ ohunkóhun láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi mọ́, kí àwọn tó ń gbé oúnjẹ wá lóru má baà bá ilẹ̀kùn ikùn mi ní ṣíṣí. Mo ti gba ààwẹ̀ láti kékeré. Ààwẹ̀ tí Ọlọ́run fún wa, nírọ̀lẹ́ là ń ṣínu. Ti ọkùnrin yìí, tí oòrùn bá ti ń wọ̀ ni ìyà bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, kí n máa mú àlá mi wá fún un ní odidi. "Ibi tí o bá gbàgbé nínú rẹ̀," ló wí, "ibẹ̀ ni ọ̀tá jókòó sí."

Ẹ wá wo wàhálà. Nínú ilé Ìyá Ẹ̀pẹ́, ta ni yóò la ẹnu sọ̀rọ̀ láàárọ̀ láìtíì fọ ẹnu? Èèwọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ àìfọnu, bí èpè ló rí lójú rẹ̀, àlá burúkú téèyàn bá sọ láìfọnu ti ṣẹ tán. Kí n tó wá orín, kí n rin ín, kí n fi omi yọ ẹnu, kí n kí gbogbo ilé, àlá ti lọ. Ìrù rẹ̀ nìkan ló ń kù sí mi lọ́wọ́. Bàbá Onítumọ̀ á ní mò ń fi ọ̀tá pamọ́.

Mo bá ronú pé ẹnu ni wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀, wọn ò bá ọwọ́ wí. Mo yá síléètì lọ́wọ́ ọmọ ilé kejì, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí mo bá ti ta jí, mi ò ní yí ẹ̀gbẹ́, mi ò ní la ojú tán. Bí èèyàn bá yí ẹ̀gbẹ́ pẹ́nrẹ́n, àlá ti bọ́. Màá kọ́kọ́ di ibi tó gbẹ̀yìn mú, màá fà á bí okùn àwọ̀n títí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ yóò fi yọ, màá wá kọ ọ́. Ìyá Ẹ̀pẹ́ bá mi lẹ́nu rẹ̀ ní àárọ̀ kan. Kò lè bá mi wí, nítorí òun náà kò tíì fọ ẹnu. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ojú bú mi, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì béèrè ohun tí mò ń ṣe. Èmi náà fi ọwọ́ kí i, mo dọ̀bálẹ̀ lórí ẹní. Mi ò gbádùn ilé yẹn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bí mo ṣe ń kọ àlá láràárọ̀, wọ́n wá ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń mọ́lẹ̀ sí i. Mo kíyè sí nǹkan kan. Ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n ń gbé fún mi ṣáá, kì í sì í gbóná. Kò sí èéfín lórí rẹ̀, kò jó mi lọ́wọ́ rí. Ṣé ẹ ti rí Ìjẹ̀bú tó ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ tútù? Mo wá sọ fún ara mi kí n tó sùn pé: Sùlé, bí o bá ki ọwọ́ bọ oúnjẹ tí kò bá jó ọ, àlá ni o wà. Lójú ayé pàápàá mo ń dán an wò. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ní, "Kí ló dé tí o fi ń fọwọ́ tọ́ ẹ̀kọ bí ẹni tó ń wò bóyá ibà ń ṣe é?" Mo ní mò ń bi í bó ṣe sùn ni.

Lóru ọjọ́ kan, ó ṣẹlẹ̀. Mo jókòó ní èbúté, obìnrin kan tó kọ ẹ̀yìn sí mi gbé àwo kalẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kò gbóná. Nǹkan kan nínú mi lọ́hùn-ún wí wẹ́rẹ́ pé, "Sùlé, àlá nìyí o." Mi ò jí. Mo wà nínú àlá, mo sì mọ̀ pé inú rẹ̀ ni mo wà, bí ẹni tó jókòó nínú ọkọ̀ tó mọ̀ pé òun wà lórí omi. Mo gbójú sókè. Ọ̀sà mọ́ títí dé ìsàlẹ̀. Mo fi inú pàṣẹ pé kí ọkọ̀ tó ń lọ dúró, ó dúró. Mo wá mí. Ẹ̀yin tí àyà yín ń dùn, ẹ gbọ́: mo mí kanlẹ̀, kò sí ikọ́, kò sí ohun tó gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbàgbé pé bẹ́ẹ̀ ni mímí ṣe ń rí. Mo sunkún nínú àlá náà.

Ohun tí Bàbá Onítumọ̀ ti wí ni pé kí n kọ̀ láti jẹ oúnjẹ náà bí mo bá rí ọ̀nà. Ọ̀nà ti là báyìí. Mo wo àwo náà, ebi sì ń pa mí. Mo jẹ ẹ́ tán, mo lá àwo.

Nígbà tí mo ka síléètì náà fún un, Ìyá Ẹ̀pẹ́ ń gbọ́, ó fi ọwọ́ lérí. "O mọ̀ pé àlá ni, o sì jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́, Ìyá. Ẹja ibẹ̀ kéré."

Bàbá Onítumọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó pa abẹ́là rẹ̀, ó ní, "Ẹni tó fi ojúkorojú gba ikú lọ́wọ́ ọ̀tá, mi ò ní ohun tí mo lè ṣe fún un. Kò ní rí oṣù tuntun."

Mo rẹ́rìn-ín lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo rò ó wò. Ẹ̀jẹ̀ ti ń wá láràárọ̀ láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ ti dúró. Mi ò lè gòkè láti ẹ̀gbẹ́ omi dé ilé láìsinmi. Kí ni mo wá fi ń yangàn? Bóyá òótọ́ ló ń sọ. Mo dùbúlẹ̀, mo pinnu pé bí obìnrin yẹn bá tún dé, màá bi í.

Ó dé. Mo fọwọ́ kan oúnjẹ, ó tutù, mo mọ ibi tí mo wà. Mo ní, "Dúró. Ta ló rán ọ sí mi?"

Ó yíjú sí mi. Mi ò mọ̀ ọ́n rí. Ojú rẹ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n ti pè lọ pè bọ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ta ni ì bá rán mi? Ìwọ lo ń pè mí láti ọ̀sán. Ṣé o rò pé mo fẹ́ràn àtimáa gbé àwo kiri ni?"

Mo jí. Ikùn mi ń kùn bíi mọ́tò tó fẹ́ gun òkè. Mo wá rí i kedere. Ní Ìkòròdú tí mò ń jẹ ẹyin àti ẹ̀wà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń jẹun lójú àlá. Ìgbà tí wọ́n ti ń febi pa mí kí n má baà jẹun lójú àlá ni mo ti ń jẹun lójú àlá lóròòru. Bàbá Onítumọ̀ ló ń dá iná, òun náà ló ń túmọ̀ èéfín.

Ìyàwó mi wá wò mí láìpẹ́ sí ìgbà náà. Ó wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú, ó ní kí olóúnjẹ kan ní èbúté Ẹ̀pẹ́ bá òun gbé oúnjẹ òun kaná, ó sì gbé abọ́ rẹ̀ tó fi aṣọ wé dání. Ó rí mi lórí ẹní, ó ní, "Bàbá Ṣìdí, kí ni wọ́n fi yín ṣe?" Ìyá Ẹ̀pẹ́ ti dúró sáàárín wa.

"Kò gbọdọ̀ jẹ. Ọ̀sán ti kọjá."

"Ìyá, ẹ má bínú," ni ìyàwó mi wí, ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbé abọ́ náà sílẹ̀. "Bí kò bá jẹ lójú ayé, ibo lẹ fẹ́ kó ti máa jẹ?"

Mo na ọwọ́, mo gba abọ́ náà. Ó jó mi níka. Mo sọ pé, "Ó gbóná, Ìyá Ṣìdí, ó gbóná!" mo sì ń rẹ́rìn-ín bí aṣiwèrè. Ìyá Ẹ̀pẹ́ rò pé orí mi ti yí. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán tí mo ní mò ń lọ sílé lọ gba abẹ́rẹ́, ó ní, "Bí o bá wọ ọkọ̀ yẹn, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ mọ́." Mo bẹ̀ ẹ́. Kò gbà. Ìyàwó mi fi èjìká gbé mi, mo wọ ọkọ̀ náà.

Ẹni tó ń gúnni lábẹ́rẹ́ ní dìsípẹ́ńsárì bú mi dáadáa, ó tọ́ sí mi. Dókítà ní a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù tuntun lé, mo jáde síta, mo kí i. Abẹ́rẹ́ ń lọ, oúnjẹ ń lọ, ikọ́ náà ń kéré, títí wọ́n fi ya fọ́tò àyà mi tí dókítà ní ó ti sàn. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ mi báyìí. Mo ń gun òkè láìdúró, ìyàwó mi sì ti ń ráhùn pé mo ń jẹ jù. Mo ṣì ń kọ àlá mi láràárọ̀ nítorí pé ó dùn mọ́ mi. Bí mo bá mọ̀ pé inú àlá ni mo wà, mo lè fò kọjá ọ̀sà. Mo mọ̀ pé kò wo nǹkan kan sàn. Eré ni.

Ǹ bá má ti kọ èyí, bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ti dárí jì mí. Ó gbọ́ pé mo sanra, ó wá, ó yí mi ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Mo sọ fún yín! Iṣẹ́ Bàbá Onítumọ̀ ti jẹ́." Mo rò pé ó ń ṣe àwàdà. Kò ṣe àwàdà. Ó ti sọ ọ́ káàkiri ọjà ẹja pé ọmọ àbúrò òun tó fẹ́ kú, ọkùnrin yẹn ló jí i dìde. Ọkùnrin yẹn náà ń sọ ọ́. Orúkọ mi ló fi ń polówó.

Apẹja kan wà ládùúgbò wọn, Ràṣákì, géńdé tó ń fi ọwọ́ kan fa àwọ̀n. Ikọ́ mú un. Àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí ọsibítù, àwọn kan ní, "Ṣé ẹ ò rí Sùlé onítíkẹ́ẹ̀tì ni?" Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá Onítumọ̀. Kò gba abẹ́rẹ́ kankan. Kò jẹun alẹ́. Ìyàwó Ràṣákì gba èbúté wa kọjá láti lọ sọ fún àwọn ará rẹ̀ ní Èkó pé ọkọ òun ti kú, ó rí mi, ó dì mọ́ mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ̀yin ni Sùlé? Kí lẹ ṣe tí tiyín fi jẹ́?"

Mi ò rí àwàdà kankan ṣe. Mo sọ òótọ́ fún un, ó jókòó sílẹ̀ sórí yanrìn.

Nítorí náà, ẹni tó bá ka èyí, kó kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé, pàápàá ní Ẹ̀pẹ́, pàápàá ní ọjà ẹja. Èmi Sùlé onítíkẹ́ẹ̀tì, ọkùnrin náà kò wò mí sàn. Ó fẹ́ẹ̀ pa mí ni. Abẹ́rẹ́ ló wò mí sàn, àti oúnjẹ gbígbóná, àti obìnrin tó kúnlẹ̀ tí kò gbé abọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá tún gbọ́ orúkọ mi lẹ́nu rẹ̀, ẹ bá mi gbà á padà.